Bàálù Ogun Ilẹ̀ Jámánì: Ta Ni Ó Kọ́ Àwọn Awakọ̀ Rẹ̀?

Bí a bá dárúkọ bàálù ogun ilẹ̀ Jámánì, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni Richthofen, ajagun òfurufú tí ó fi ọ̀dà pupa kun ọkọ̀ rẹ̀, tàbí Messerschmitt, ọkọ̀ tí ó mi ilẹ̀ Yúróòpù tìtì nígbà ogun Hitler. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ Bücker Jungmann, ọkọ̀ kékeré aláṣọ lára, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò lágbára ju ti mọ́tò kékeré lọ, nínú èyí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọkùnrin Jámánì ti kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nǹkan rí láyé. A máa ń pàtẹ́wọ́ fún jagunjagun. A kì í béèrè ẹni tí ó kọ́ ọ.

Àwa fẹ́ béèrè lónìí. Ohun tí a rí nínú ìtàn bàálù ogun Jámánì láti ọdún 1915 títí di ìsinsìnyí ni pé, nígbà tí ilẹ̀ náà bá ń bọ̀wọ̀ fún olùkọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ òfurufú rẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ a máa jẹ́ iṣẹ́ tí ó bá rán an. Nígbà tí ó bá sì ń fi ohun ìní ilé ẹ̀kọ́ bọ́ ojú ogun, tàbí tí ó bá ń kánjú ra ọkọ̀ tí ẹ̀kọ́ awakọ̀ kò tí ì tó, àwọn ọmọ tirẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ náà ń pa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́ o. A kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti yin ìjọba Hitler. Bàálù ìjà ti Jámánì wà lára àwọn tí ó kọlu ìlú Guernica ní ilẹ̀ Sípéènì ní ọdún 1937, níbi tí àwọn aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ti kú. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n sọ di ẹrú ni wọ́n sì fi tipátipá kan púpọ̀ nínú àwọn Messerschmitt ìkẹyìn. Ẹ̀kọ́ rere lè bọ́ sí ọwọ́ ìkà. Èyí kò sọ ọ́ di pé kí a má yẹ̀ ẹ́ wò.

Láti ọ̀dọ̀ ọmọ olùkọ́ kan ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ogun àgbáyé kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, kò tí ì sí ohun tí à ń pè ní bàálù ìjà. Awakọ̀ a fò lọ yẹ ibùdó ọ̀tá wò, a sì padà wá ròyìn ohun tí ó rí; bí òun àti ọ̀tá bá pàdé lójú òfurufú, ìbọn ọwọ́ ni wọn yóò yìn sí ara wọn. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé abẹ̀bẹ̀ tí ń fa ọkọ̀ ń yí níwájú awakọ̀ gan-an. Bí ó bá gbé ìbọn arọ̀jò-ọta kalẹ̀ tí ó sì yìn ín síwájú, abẹ̀bẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fọ́. Ní ọdún 1915, ilé iṣẹ́ Anthony Fokker, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì tí ń ṣe ọkọ̀ fún Jámánì, so ìbọn pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì lọ́nà tí ọta kò fi ní jáde àfi nígbà tí àlàfo bá wà níwájú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ibi tí awakọ̀ bá dojú ọkọ̀ rẹ̀ kọ ni ìbọn rẹ̀ dojú kọ.

Àwọn méjì tí ó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ yìí dá ẹ̀rù sí ọkàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni Max Immelmann àti Oswald Boelcke. Immelmann kú ní oṣù Kẹfà ọdún 1916. Boelcke ni ọ̀rọ̀ wa kàn. Olùkọ́ ilé ìwé ni baba rẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé iṣẹ́ baba wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, nítorí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn kí òun nìkan mọ ìjà jà. Ó jókòó, ó ro ohun tí ó ń mú kí òun máa borí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní òfin mẹ́jọ tí ènìyàn lè há sórí. Kí awakọ̀ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn òun, kí ó lè tàn sí ojú ọ̀tá. Kí ó má yìnbọn títí yóò fi sún mọ́ ọ̀tá pẹ́kípẹ́kí. Bí ọ̀tá bá já lù ú, kí ó má sá, kí ó yí ojú padà sí i. Àwọn òfin yòókù kò jìnnà sí ìwọ̀nyí. Ẹni tí ó bá ti kọ́ ọmọ rí yóò mọ̀ pé ó rọrùn láti mọ nǹkan ju kí a mọ bí a ti ń sọ ọ́ kí ó yé ẹlòmíràn.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1916 ni wọ́n ní kí ó dá ẹgbẹ́ ajagun òfurufú tuntun kan sílẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa àwọn tí yóò wà nínú rẹ̀. Ó lọ sí ojú ogun ìlà-oòrùn, níbi tí ó ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti jẹ́ agẹṣinjagun tẹ́lẹ̀, Manfred von Richthofen. Ọkọ̀ kò tí ì tó wọn. Kàkà kí Boelcke jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí jókòó lásán, ó ń kọ́ wọn nílẹ̀. Òun nìkan a gòkè lọ ní òwúrọ̀, a já ọkọ̀ ọ̀tá bọ́, a sì padà wá ṣàlàyé fún wọn bí òun ti ṣe é. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ni ó kó wọn jáde. Ọjọ́ náà ni Richthofen kọ́kọ́ ṣẹ́gun nínú ẹgbẹ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni ó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá, níbi tí Boelcke àti ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń lé ọ̀tá, ọkọ̀ àwọn méjèèjì fara kanra lókè. Ìfarakanra náà kò le, ṣùgbọ́n apá ọkọ̀ Boelcke ya, ó sì já bọ́. Ẹni ọdún 25 ni. Ọkọ̀ ọ̀tá 40 ni ó ti já. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń bá jà fi bàálù gbé òdòdó ẹ̀yẹ wá, wọ́n sì jù ú sílẹ̀ fún un. Richthofen tẹ̀ lé ọ̀nà rẹ̀, ó já 80 kí òun náà tó kú ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 1918. Gbogbo ayé mọ orúkọ Richthofen. Ẹ wo iye ẹni tí ó mọ ti Boelcke.

Nígbà tí Jámánì túúbá ní oṣù Kọkànlá ọdún 1918, àwọn tí ó borí dárúkọ Fokker D.VII ní pàtó nínú ìwé ìdádúró-ogun pé kí wọ́n kó o fún àwọn. Ọkọ̀ náà dára tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìwé àdéhùn Versailles kà á léèwọ̀ pé kí Jámánì ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú kankan. Wọ́n gba irin, wọ́n gba igi, wọ́n gba ẹ́ńjìnnì. Ìmọ̀ ni wọn kò rí gbà. Ní ọdún 1920, àwọn ọ̀dọ́ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ sí orí òkè kan tí ń jẹ́ Wasserkuppe, wọ́n ń fi okùn rọ́bà ta bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì sínú afẹ́fẹ́, bí àwọn ọmọdé ti ń fi rọ́bà ta òkúta sí ẹyẹ. Kò sí ibi tí ìwé àdéhùn ti sọ pé kí ènìyàn má fi afẹ́fẹ́ ṣeré. Eré náà gba sùúrù, nítorí bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì kì í dárí ji ẹni tí kò bá mọ bí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wá di awakọ̀ pàtàkì, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ òfurufú.

Ohun mìíràn wà tí wọ́n ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Láti ọdún 1925, pẹ̀lú àṣẹ ìjọba Rọ́ṣíà, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ òfurufú sílẹ̀ ní Lipetsk, ìlú kan tí ó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Moscow. Láti ilẹ̀ Họ́láńdì ni wọ́n ti ra bàálù Fokker D.XIII 50 tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń lọ síbẹ̀ kì í wọ aṣọ ogun, orúkọ wọn kì í sì í sí nínú ìwé àwọn ọmọ ogun títí wọn yóò fi padà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, inú àpótí ni wọ́n ń gbé òkú rẹ̀ sí, tí wọn yóò sì kọ ọ́ sí i lára pé ẹ̀yà ẹ̀rọ ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ ro ìyá tí wọ́n gbé irú àpótí bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1933 ni wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa; Hitler ti gorí àlééfà, kò sì pẹ́ tí ó fi já aṣọ lójú eégún. Nígbà tí ó kéde fún ayé ní ọdún 1935 pé Jámánì tún ti ní ọmọ ogun òfurufú, àwọn orílẹ̀-èdè yòókù ń ka iye bàálù. Olùkọ́ ni ì bá yẹ kí wọ́n kà, nítorí ọdún mẹ́wàá ni àwọn wọ̀nyí ti fi ń kọ́ra.

Ibí ni Bücker Jungmann ti wọ inú ìtàn wa. Ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́ náà, Carl Clemens Bücker, ti wa ọkọ̀ òfurufú fún àwọn ọmọ ogun ojú omi Jámánì nígbà ogun kìn-ín-ní, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Sweden kí ó tó padà sílé. Ọmọ Sweden kan, Anders Andersson, ni ó ya àwòrán ọkọ̀ náà. Ó kọ́kọ́ fò ní oṣù Kẹrin ọdún 1934. Apá méjì ni ó ní lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, ọ̀kan lórí èkejì. Irin oníhò ni wọ́n fi ṣe egungun ara rẹ̀, igi ni wọ́n fi ṣe apá, aṣọ ni wọ́n sì fi bò ó. Agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àkọ́kọ́ kò ju ti ẹṣin 80 lọ. Àwọn méjì ni í jókòó nínú rẹ̀, orí wọn a sì yọ síta nínú afẹ́fẹ́. Ohun tí ó mú kí àwọn olùkọ́ fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó ń dá akẹ́kọ̀ọ́ lóhùn kíákíá: bí ọmọ bá ṣe dáadáa, ọkọ̀ á ṣe dáadáa, bí ó bá ṣe àṣìṣe, ọkọ̀ á fi hàn án lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní pa á. A kò mọ ohun tí ó tún yẹ kí ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ rere ṣe ju èyí lọ. Orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni ó gbà bẹ́ẹ̀: wọ́n ṣe é ní Jàpáánì, wọ́n ṣe é ní Sípéènì, àwọn ènìyàn sì ń fi í fò fún fàájì títí di òní.

Ọmọ tí ó fẹ́ di awakọ̀ bàálù ìjà ní ọdún wọnnì kì í sáré. Yóò bẹ̀rẹ̀ nínú Jungmann, tàbí nínú Focke-Wulf Stieglitz, tàbí nínú Heinkel Kadett, tí gbogbo wọn jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn. Bí ó bá mọ ìyẹn tán, yóò bọ́ sínú Arado 96, ọkọ̀ onírin tí ó ní apá kan ṣoṣo lọ́tùn-ún lósì, tí ó ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú bí ó bá ti gbéra, tí ìbọn sì wà nínú rẹ̀. Ju 11,000 irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjà, níbi tí yóò ti fọwọ́ kan Messerschmitt 109 tí ó ti gbó. Títí di nǹkan bí ìparí ọdún 1942, ọmọ bẹ́ẹ̀ ti lo bí wákàtí 240 nínú òfurufú kí wọ́n tó rán an lọ pàdé ọ̀tá.

Bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ, nítorí Messerschmitt 109 kì í ṣe ẹranko tí ọmọdé lè fi okùn sí lọ́rùn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1935 ni ó kọ́kọ́ fò. Ó pani lẹ́rìn-ín pé ẹ́ńjìnnì Rolls-Royce ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí ti Jámánì kò tí ì ṣe tán. Bí 34,000 ni wọ́n ṣe títí tí ó fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ó yára, ó sì ń gun òkè kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sún mọ́ ara wọn jù, nítorí abẹ́ ìkùn ni wọ́n ti so wọ́n, kì í ṣe abẹ́ apá. Bí ó bá ń gbéra tàbí tí ó ń balẹ̀, ó máa ń fẹ́ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Awakọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ́ ọn yóò kó o níjàánu. Ẹni tí ó kánjú dé ìdí rẹ̀ lè kú lórí pápá láìtí ì rí ọ̀tá kankan.

Ogun wá gùn ju bí Hitler ti rò lọ. Nígbà tí àwọn ará Rọ́ṣíà ká ọmọ ogun Jámánì mọ́ ìlú Stalingrad ní oṣù Kọkànlá ọdún 1942, wọ́n ṣèlérí pé bàálù ni àwọn yóò fi máa kó oúnjẹ àti ọta lọ fún wọn. Bàálù tí ó wà kò tó. Wọ́n bá lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́, wọ́n kó Junkers 52 tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní bí a ti ń fò nínú kùrukùru àti ní òru, wọ́n sì kó àwọn olùkọ́ pẹ̀lú. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ní Demyansk ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kan náà. Nígbà tí Stalingrad ṣubú ní oṣù Kejì ọdún 1943, ju 250 Junkers 52 ni ó ti ṣègbé, àwọn olùkọ́ tí kò ṣe é rà lọ́jà sì bá wọn lọ. Àgbẹ̀ mọ ohun tí a ń pè ní ẹ̀bù iṣu. Ìyàn lè mú títí, bàbá a máa na ọwọ́ ọmọ kúrò lórí ẹ̀bù. Àwọn ọ̀gágun wọ̀nyí gún ẹ̀bù ní iyán.

Ìkórè rẹ̀ kò pẹ́. Awakọ̀ ń kú, wọ́n ń wá awakọ̀ mìíràn kíákíá, wọ́n sì ń gé ẹ̀kọ́ kúrú kí wọ́n lè rí wọn. Wákàtí 240 di bí 170, ó sì di bí 110 ní ọdún 1944, nígbà tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà tí yóò bá wọn jà ti lo ju 300 lọ. Ẹ̀kọ́ kíkúrú sọ wọ́n di ẹran ọdẹ. Ikú wọn sì tún mú kí wọ́n gé ẹ̀kọ́ àwọn tí ó kù kúrú sí i. Láti oṣù Kìíní sí oṣù Karùn-ún ọdún 1944, ju 2,000 awakọ̀ bàálù ìjà ni Jámánì pàdánù. Ní oṣù Karùn-ún yẹn kan náà ni àwọn bàálù Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bọ́m̀bù sí àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe epo, ilé ẹ̀kọ́ òfurufú ni epo sì kọ́kọ́ wọ́n fún. Èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù lọ ni pé ọdún 1944 yìí gan-an ni ilé iṣẹ́ Jámánì ṣe bàálù ìjà tí ó pọ̀ ju ti ọdún èyíkéyìí lọ. Ọkọ̀ pọ̀ bí eṣú. Awakọ̀ ni kò sí.

Wọ́n sì ní ọkọ̀ tí ayé kò rí irú rẹ̀ rí. Messerschmitt 262 ni bàálù ìjà àkọ́kọ́ tí ó lọ sí ojú ogun láìní abẹ̀bẹ̀ níwájú, tí ó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó ń tú sẹ́yìn ni ó ń tì í lọ, èyí tí à ń pè ní jẹ́ẹ̀tì lónìí. Kò sí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà kan lójú ogun nígbà náà tí ó lè sáré bá a. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju wákàtí díẹ̀ lọ kí ó tó bàjẹ́, ẹni tí yóò sì fi ọwọ́ ẹ̀lẹ̀ lò ó gbọ́dọ̀ jẹ́ àgbà awakọ̀. Àgbà kò kù. Ní ìparí ọdún náà ni wọ́n tún sáré kan Heinkel 162, jẹ́ẹ̀tì onígi, wọ́n sì ní àwọn ọmọ tí kò tí ì kúrò ní ilé ìwé, tí wọ́n ti fi bàálù aláìní-ẹ́ńjìnnì ṣeré díẹ̀, ni yóò máa wà á. Ó kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1944. Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, lójú àwọn èèyàn pàtàkì tí wọ́n pè wá wòran, àtè tí wọ́n fi lẹ igi apá rẹ̀ jọ kò mú, apá já, awakọ̀ tí ń dán an wò sì kú. Àgbà ọ̀jẹ̀ awakọ̀ ni ẹni náà. A kò fẹ́ máa ro ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ ilé ìwé.

Ènìyàn a rò pé irú ìyà bẹ́ẹ̀ tó láti fi kọ́gbọ́n. Ní ọdún 1956, nígbà tí Jámánì ti Ìwọ̀-oòrùn tún dá ọmọ ogun òfurufú rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ àjọ NATO, ọdún mọ́kànlá ti kọjá láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọmọ kan ní iṣẹ́ náà. Àwọn tí ó jagun rí ti ń darúgbó, àwọn ọ̀dọ́ kò sì mọ nǹkan. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà ni ìjọba pinnu láti ra Lockheed F-104 láti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní Starfighter. Ọfà ni, kì í ṣe ẹyẹ. Ó ń sáré ní ìlọ́po méjì ìró ohùn. Apá rẹ̀ kúrú, etí apá náà sì mú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń fi ìbòrí bò ó bí ó bá wà nílẹ̀, kí ó má baà gé àwọn tí ń tún un ṣe lára. Àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe é láti fi lé bàálù ọ̀tá lókè réré nígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́. Àwọn ará Jámánì di ẹrù lé e, wọ́n ní kí ó máa fò nítòsí ilẹ̀, kí ó máa gbé bọ́m̀bù, kí ó máa ya àwòrán, nínú òjò àti kùrukùru. Ní Arizona, níbi tí oòrùn ti ń ràn lójoojúmọ́, ni àwọn awakọ̀ sì ti kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n délé, wọn kò mọ ojú ọ̀run ìlú ara wọn mọ́.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 1962, nígbà tí ó ku ọjọ́ kan kí wọ́n ṣe ayẹyẹ ìgbàwọlé ọkọ̀ náà, mẹ́rin nínú wọn tí ń dánrawò fún ayẹyẹ ọ̀hún jọ fò wọ inú kùrukùru nítòsí Nörvenich, wọ́n sì jọ já lulẹ̀. Awakọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú. Ní ọdún 1965 nìkan, ju ogún Starfighter lọ ni ó já. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọkọ̀ náà ní asọni-dopó, wọ́n sì ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tí ó bá fẹ́ ní Starfighter tirẹ̀, kí ó ṣáà ra ilẹ̀ díẹ̀, kí ó jókòó tì í, ọ̀kan ń bọ̀ wá já síbẹ̀. Nínú 916 tí wọ́n gbà, ó sún mọ́ 300 tí ó bàjẹ́, awakọ̀ 116 ni ó sì bá wọn lọ. Ẹ rántí pé kò sí ogun o. Kò sí ọ̀tá kan tí ó yìnbọn sí wọn.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1966, wọ́n fi Johannes Steinhoff ṣe olórí ọmọ ogun òfurufú. Ojú ọkùnrin yìí jẹ́ àpá látòkè délẹ̀, nítorí Messerschmitt 262 ti gbiná mọ́ ọn lára ní oṣù Kẹrin ọdún 1945. Ẹni tí iná bàálù ti jó kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé fún un. Kò dá ọkọ̀ náà lẹ́bi, kò sì pàṣẹ pé kí wọ́n kó o dànù. Iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni ó dojú kọ: kí awakọ̀ túbọ̀ máa fò déédéé, kí àwọn tí ó ti Arizona dé kọ́ ojú ọ̀run Yúróòpù dáadáa ní Jever kí wọ́n tó fi wọ́n sílẹ̀, kí àwọn tí ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe mọ iṣẹ́ wọn. Wọ́n sì pààrọ̀ ìjókòó tí ń ta awakọ̀ jáde sí òkè nígbà ewu, wọ́n fi ti Martin-Baker, iṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, dípò rẹ̀. Jàǹbá dín kù. Kò tán. Ní oṣù Kẹta ọdún 1970, ọ̀kan nínú àwọn Starfighter tí ó já pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Joachim von Hassel. Baba rẹ̀, Kai-Uwe von Hassel, ni ó ti jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ààbò láti ọdún 1963 sí 1966, ní àkókò tí Starfighter ń já jù lọ tí àwọn opó sì ń sunkún.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé e kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Phantom dé, Tornado dé. Nígbà tí Jámánì méjèèjì di ọ̀kan ní ọdún 1990, wọ́n jogún MiG-29 láti apá ìlà-oòrùn, wọ́n lò ó fún ọdún díẹ̀, wọ́n sì tà á fún Pólàńdì ní Euro kan péré lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí í ṣe owó tí kò tó ra búrẹ́dì. Eurofighter tí àwọn àti Gẹ̀ẹ́sì, Ítálì pẹ̀lú Sípéènì jọ ṣe ni ó gba ipò wọn. Láti ọdún 1981 ni àwọn ọmọ Jámánì sì ti ń kọ́ ìwakọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè NATO mìíràn ní Sheppard, ní ìpínlẹ̀ Texas.

Ọ̀rọ̀ yìí dé ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Nígbà tí Nàìjíríà fẹ́ dá ọmọ ogun òfurufú tirẹ̀ sílẹ̀, ó rán àwọn ọ̀dọ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní Ethiopia, ní Kánádà àti ní Íńdíà; ní ọdún 1963, ó pe Jámánì ti Ìwọ̀-oòrùn láti wá kọ́ àwọn tí ó kù. Òfin dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1964, ará Jámánì kan, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Gerhard Kahtz, sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọkọ̀ tí wọ́n kó wá kì í ṣe ti ìjà. Dornier 27 ni, ọkọ̀ tí ó lè balẹ̀ lórí pápá kúkúrú, àti Piaggio 149, ọkọ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn ará Ítálì ya àwòrán rẹ̀ tí Focke-Wulf sì ń kàn ní Bremen. Nínú àwọn wọ̀nyí ni àwọn ọmọ wa ti kọ́ ìwakọ̀ ní Kàdúná. Ètò tí ó dára ni, a kò sì lè sọ pé ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta kò tó fi gbin igi kí a sì jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀. Ní ọdún 1967, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, àwọn olùkọ́ ará Jámánì padà sílé. Ìjọba ra MiG-17 àti L-29, ó sì di dandan láti wá awakọ̀ láti Íjíbítì àti láti ibòmíràn, nítorí a ti ní ọkọ̀ ìjà kí a tó ní àwọn tí yóò wà á tó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Nàìjíríà tún padà sí ọ̀dọ̀ Dornier, ó ra Alpha Jet 24, èyí tí Jámánì àti Faransé jọ ṣe. Ọkọ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè gbé bọ́m̀bù. Àwọn ará Jámánì fúnra wọn kò fi kọ́ ọmọ, ìjà ni wọ́n fi tiwọn ṣe, àwọn Faransé ni ó fi kọ́ ọmọ. Àwọn ọmọ wa fi ṣe méjèèjì. Ó lọ sí Liberia ní ọdún 1990, ó sì ti bá Boko Haram jà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn. Ẹni tí ó bá ní àǹfààní láti sún mọ́ ọ̀kan, kí ó wo òkè rẹ̀ dáadáa. Ìjókòó méjì ni ó wà níbẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Wọ́n gbé ti ẹ̀yìn sókè díẹ̀ ju ti iwájú lọ, kí olùkọ́ lè máa wo ọ̀nà láti òkè orí ọmọ tí ó jókòó níwájú rẹ̀.